Ìdáhùn Méjì sí Ìbéèrè Kan

"Ẹ má gbẹ́sẹ̀ o! Ẹ dúró síbẹ̀!"

Ọ̀dà funfun ti ṣàn yí bàtà ọkùnrin náà ká. Agolo tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ń yí lọ sábẹ́ tábìlì. Ọmọbìnrin tó ń tajà mú àkísà, ó kúnlẹ̀, ó ń nù ún. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Pẹ́ńtà ni mí."

"Pẹ́ńtà tí kò lè di agolo mú?"

"Ẹ̀yin ni mo ń wò."

Ó fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló jáde.

Inú ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà bàbá ọmọbìnrin náà nìyẹn. Ọkùnrin náà kì í kánjú lẹ́nu iṣẹ́, ni ọmọbìnrin náà bá sọ ọ́ ní Fara-balẹ̀. Òun náà ń pè é ní Ọ̀gá Kékeré. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fẹ́ràn ara wọn. Wọn ò jẹ́ kí Bàbá mọ̀, torí Bàbá ti ní òun kò ní fọmọ fún ẹni tó ń gun àkàbà jẹun.

Lọ́dún kejì, wọ́n jí wúrà nínú ilé kan tí Fara-balẹ̀ ń kùn. Onílé ní fèrèsé yàrá ni olè gbà wọlé ní ìrọ̀lẹ́, pé pẹ́ńtà nìkan ló mọ̀ pé ìkọ́ rẹ̀ ti já. Ọlọ́pàá mú un.

Kò ní lọ́yà. Ó pe Ọ̀gá Kékeré kó wá jẹ́rìí. Ọmọbìnrin náà sọ ọ́ yékéyéké: ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló ta ọ̀dà elépo fún un, òun ló sì fi kun fèrèsé náà kí ìrọ̀lẹ́ tó lé. Ọ̀dà yẹn kì í gbẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwòrán tí ọlọ́pàá yà láàárọ̀ ọjọ́ kejì sì fi hàn pé ojú ọ̀dà dán, kò sí ojú ọwọ́, kò sí ojú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó gba ibẹ̀ kọjá.

Agbẹjọ́rò ìjọba wá bi í pé, "Kí ni ọkùnrin yìí jẹ́ sí ọ?"

Bàbá rẹ̀ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Oníbàárà wa ni, sà."

Ó rí i bí Fara-balẹ̀ ṣe sorí kọ́.

Kò sí lọ́yà tí yóò fi àwòrán náà gbèjà rẹ̀, wọ́n dá a lẹ́bi. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé e nítorí pé kò ní lọ́yà, wọ́n ní kí adájọ́ mìíràn tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní lọ́yà. Wọ́n tún bi Ọ̀gá Kékeré ní ìbéèrè kan náà.

"Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ràn rẹ̀."

Bàbá dìde, ó jáde.

Adájọ́ to ìdáhùn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ní òpùrọ́ ni ọmọbìnrin náà, òun kò sì ní gba ohunkóhun tó sọ, títí kan ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Ọdún márùn-ún náà tún ni, wọ́n sì ka èyí tó ti lò mọ́ ọn.

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún wọn láti tún pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lọ́yà ní àṣìṣe adájọ́ hàn kedere: àwòrán kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti lọ, Fara-balẹ̀ kò fọwọ́ síwèé. Ọ̀gá Kékeré gbé ìwé náà lọ bá a lọ́gbà ẹ̀wọ̀n.

"Kí ló ń dá ọ dúró?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n pè ọ́ ní òpùrọ́ nínú ìdájọ́ yẹn. Wọ́n á tún kà á sókè lójú gbogbo ayé. Màá ṣe èyí tó kù."

"Ta ló bẹ̀ ọ́? Mo purọ́. Mo sẹ́ ọ. O ò sì bínú sí mi rí, ìyẹn gan-an ló ń pa mí."

"Mo bínú."

Ó gbójú sókè.

"Oṣù kan gbáko. Lẹ́yìn náà ó sú mi. Àárò rẹ ń sọ mí ju bí inú ṣe ń bí mi lọ."

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Olólùfẹ́ mi, jẹ́ kí wọ́n kà á. Kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ilé ni kí o wá."

Wọ́dà húkọ́. "Ìṣẹ́jú méjì ló kù o. Ìyàwó, ẹ fún un ní bírò, kí n ráyè lọ jẹun."

Ó fọwọ́ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Bàbá ti wọ bàtà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ tó ti jáde ní kóòtù, kò bá ọmọ rẹ̀ sọ ju "ẹ káàárọ̀, o káàárọ̀" lọ.

"Bàbá, ta ni yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù?"

"Á wà ní títì."

"Ẹ máa gbọ́ orúkọ tí wọ́n pè mí."

"Ojú mi ló pa ọ́ lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ."

Wọ́n jọ gbọ́ ọ. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ka "òpùrọ́", Bàbá á di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú le sí i. Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó. Wọ́n ní àwòrán dá dúró láìsí ẹnu ẹnikẹ́ni. Wọ́n fagi lé ìdálẹ́bi náà, wọ́n ní kò sí pé à ń tún un gbọ́ mọ́.

Lójúde kóòtù, Fara-balẹ̀ dọ̀bálẹ̀.

"Dìde," ni Bàbá wí. "O ti rù. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Lóṣù yẹn kan náà ni wọ́n ṣègbéyàwó. Fara-balẹ̀ ti lo oṣù mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lẹ́wọ̀n. Oṣù mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó kù, ilé ni yóò ti lò ó.