Òróró Àdúrà Lórí Ẹ̀rọ Ọpọlọ

Ní ìjọ wa ní Lugbe, ní Àbújá, bí ènìyàn bá ṣubú, Ẹ̀mí Mímọ́ la máa ń kọ́kọ́ rò pé ó gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ní ọjọ́ Ìsinmi tí Ọ̀gbẹ́ni Akínjídé, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ṣubú gbì níbi tó ti ń ka ìfilọ̀. A ń pàtẹ́wọ́! Àṣé ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀ láìfún ẹnikẹ́ni ní ìwé ìkìlọ̀.

Lydia ìyàwó rẹ̀ nìkan ló rí i pé kò mí mọ́. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ kíákíá títí àwọn oníṣègùn fi dé, tí ọkàn náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

Ọkàn padà, àmọ́ ọkùnrin náà ò jí. Ní ilé ìwòsàn ní Maitama, wọ́n lẹ nǹkan pẹlẹbẹ kan mọ́ iwájú orí rẹ̀, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ kan. Àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀rọ ń kà.

Lydia lọ ra omi. Kó tó padà, Felicia, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ti ti Kuje dé pẹ̀lú ìgò òróró àdúrà. Ẹ kúkú mọ̀ wá, níbo la ń ta òróró sí? Iwájú orí ni! Felicia ò tilẹ̀ ta á, ó dà á ni. Orí Akínjídé ń dán bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo. Ohun tí wọ́n lẹ̀ yọ̀ bọ́ọ́lẹ̀, ẹ̀rọ figbe ta.

"Ọ̀tá ti ń sunkún! Jáde! Jáde!" ni Felicia ń pariwo.

Lydia sáré wọlé. Ojú ẹ̀rọ ti ṣófo. "Mo gbé! Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fi ọkọ mi ṣe?"

Àyà Felicia náà já. "Ilé ìwòsàn ò mọ èyí. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí orí òkè àdúrà!" Ó ti ń fa wáyà.

"Kai! Mà, ẹ fọwọ́ sílẹ̀!" Ummulkhulthum ló wọlé, nọ́ọ̀sì ọmọ Ìlọrin. Ó nu òróró, ó lẹ òmíràn. Àádọ́rin padà. Lydia jókòó, ó bú sẹ́kún.

"Ọ̀tá kọ́ ló ń ké, Mà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Bí ọkàn bá dúró, ẹ̀jẹ̀ ò ní gbé ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, dé ọpọlọ mọ́. Ẹ̀rọ yìí ló ń sọ fún wa bóyá ó ń dé ibẹ̀. Bó bá ń dé dáadáa, ìrètí pọ̀ sí i. Bó bá lọ sílẹ̀, a ó tètè wá ìdí rẹ̀."

"Ṣé yóò jí nìyẹn?" ni Lydia bi í.

"Mi ò lè búra, Mà. Nọ́ńbà kan ò lè dá ẹjọ́. Dókítà á ṣe àyẹ̀wò mìíràn fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ ṣáà má gbé e lọ síbì kankan."

"Àdúrà wá ńkọ́?" ni Felicia wí.

"Ẹ gbà á, Mà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ńbẹ̀, ẹ fi òróró pa á."

Ní ọjọ́ karùn-ún, dókítà pe orúkọ Akínjídé. Ó lajú, ó sì di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Inú wa dùn dé ẹ̀yìn. Felicia ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè kó tó rántí yíjú sí nọ́ọ̀sì: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ijó ò ní ba ẹ̀rọ jẹ́?"

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú tí kò dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹ ké sí oníṣègùn, kí ẹ sì máa tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan láìdúró. Bó bá dé ilé ìwòsàn, ohun tí kò bá yé yín, ẹ béèrè. Ẹ má tìtorí nọ́ńbà kan sọ̀rètí nù, ẹ má sì gbé aláìsàn sá lọ. Ẹ gbàdúrà, ẹ gbà á kíkan. Ṣùgbọ́n ẹ fi iwájú orí rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣọ́ ọ.