Èélòó Ni A Ó Fi Ra Òmíràn?

Ní ọjà Alabar ní Kumasi, bí ọkọ̀ ẹrù bá ti Accra dé, kò sí ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè kó wá wò ó. Kálukú á jáde fúnra rẹ̀. Àwọn kan á máa wo ẹrù, àwọn kan á máa wo ẹni tó ni ẹrù. Lọ́jọ́ Àlàrùbá kan lọ́dún 1995, táyà kẹ̀kẹ́ ni ọkọ̀ já sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Alájì Sùlèímọ̀n. Àúdù, àbúrò rẹ̀, bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú eruku lójú.

Sùlèímọ̀n kò kí i káàbọ̀. Táyà ló ń kà. Ó kà á tán, ó tún un kà.

"Márùndínláàádóje," ó ní. "Àúdù, 800,000 sídì ni mo kà lé ọ lọ́wọ́. Nígbà tí o kọ́kọ́ lọ lọ́dún yìí, iye owó yìí kan náà lo fi ra igba táyà. Nígbà kejì, o kó ọgọ́jọ dé. Lónìí, márùndínláàádóje. Ibo ni ìyókù wà?"

"Ẹ̀gbọ́n, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, mo ti sọ fún yín. Ọjà ti gbówó lórí. 6,400 ni wọ́n ń ta ọ̀kan ní Accra báyìí."

"Haba! 6,400? Táyà tí èmi ń tà ní 5,600 níbí? Ta ni yóò ra nǹkan ní 6,400 tí yóò wá tà á ní 5,600? Ríìsíìtì dà?"

Kò sí ríìsíìtì lọ́wọ́ Àúdù. Nínú èrò àti ariwo ọjà Accra, á ka owó, á di táyà, á sáré lọ bá ọkọ̀ kó tó kún. Kò gba ríìsíìtì rí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kò sì bi í rí.

"Wàláhì, ẹ̀gbọ́n, mi ò mú pẹ́sẹ̀wà kan níbẹ̀."

"Ìyẹn kì í ṣe ìbúra. Lọ́túnla, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wàá búra gidi. Wàá gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì níwájú Alfa Jùnáídù àti àwọn àgbà àdúgbò, kí gbogbo ayé gbọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá mú lọ búra ní Zongo wa, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí àlejò, bó tilẹ̀ búra tí ara rẹ̀ mọ́, wọ́n á ṣì máa nàka sí i nígbà tó bá ń kọjá. Ti Àúdù tún wá burú jù. Ràzíátù, ọmọ Alfa Jùnáídù yìí gan-an, ni wọ́n fẹ́ so yìgì fún un lẹ́yìn Iléyá. Bàbá wo ni yóò fa ọmọ rẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ pè ní olè?

Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí Sùlèímọ̀n jù. Olóòótọ́ ni. Òfin méjì ló fi ń tajà. Èkíní ni pé iyekíye tó bá ra táyà kan, 600 sídì ló máa ń fi lé e, kò ní fi ohunkóhun kún un mọ́, ìbáà jẹ́ pé ọjà wọ́n tàbí pé ó pọ̀. Èkejì ni pé kì í yọjú sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, kì í béèrè iye tí ẹnikẹ́ni ń tajà. Ó ní ojúkòkòrò ni. Òfin méjèèjì dùn létí, àwọn méjèèjì ló sì ń rọra gbé e lọ sí oko gbèsè.

Ọjà rẹ̀ sì ń tà! Bí wọ́n bá já a sílẹ̀ lọ́jọ́ Àjé, kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ ògiri ti ṣófo. Sùlèímọ̀n á fọwọ́ nu irùngbọ̀n, á ní àlùbáríkà ni.

Hàjàrá, ìyàwó rẹ̀, ni kò lè sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ni Àúdù ti dàgbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ kan ilẹ̀kùn Adéfọlá, tí yàrá tirẹ̀ wà ní òdìkejì àgbàlá ilé náà. Ará Ọ̀fà ni àwọn òbí Adéfọlá, Kristẹni ni, Kumasi ni wọ́n bí i sí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Adum.

"Àǹtí Fọlá, don Allah, nítorí Ọlọ́run, ẹ bá mi dá sí i," Hàjàrá wí. "Bí ọmọ yìí bá búra lọ́la, ilé wa tú nìyẹn."

Adéfọlá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. "Èélòó ni Alájì ń ta táyà?"

"5,600."

"5,600 lónìí yìí?" Adéfọlá bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbé báàgì rẹ̀. "Má sunkún mọ́. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀."

Ó dé lóòótọ́, kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì. Sùlèímọ̀n jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ le.

"Màdáàmù Báńkì," ó ní, "bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àkáǹtì lo tún bá wá, o mọ̀ pé èmi kì í jẹ owó èlé."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá ti báńkì wá. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká na ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Yaw."

"Yaw tó ń ta kẹ̀kẹ́? Kí ni mo fẹ́ lọ wò níbẹ̀?"

"Ojúkòkòrò tèmi ni, ẹ kàn sìn mí lọ."

Kò lè kọ̀ fún un, nítorí obìnrin náà ti bá a tọ́jú ọmọ rẹ̀ nígbà àìsàn. Wọ́n yà ní kọ̀rọ̀, wọ́n rí ṣọ́ọ̀bù Yaw. Táyà kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè àjà.

"Ei, Alájì! Akwaaba!" Yaw pariwo. Ẹnu ya òun náà, nítorí ọkùnrin yìí kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ rí.

Adéfọlá fa táyà kan yọ. Ó fi Twi béèrè iye rẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rún méje, màdáàmù. Kò sí ẹ̀dínwó níbẹ̀, mepa wo kyɛw."

Sùlèímọ̀n gba táyà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí inú rẹ̀ síta. Àmì ọ̀dà funfun kan wà níbẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kun ún, bó ṣe máa ń kun gbogbo ọjà rẹ̀.

"Yaw, ibo lo ti rí táyà yìí?"

"Ọ̀dọ̀ yín kẹ̀!" Yaw kò tilẹ̀ fi pa mọ́. "Alájì, kò sí ibi tí wọ́n ti ń tà á pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Kumasi. Abena ìyàwó mi ló ń wá rà á, mẹ́wàá lónìí, mẹ́wàá lọ́la. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi náà ń rán èèyàn wá. A rò pé Òyìnbó kan ló ń kó o fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ni mo tún ń wá lọ sí Accra, nígbà tí Accra ti wà ní ṣọ́ọ̀bù yín?"

"Tí o bá fẹ́ lọ rà á ní Accra fúnra rẹ ńkọ́?" Adéfọlá bi í.

"6,400. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ tibẹ̀ dé ni. Ó ní òun ò rà á, tọ́dọ̀ Alájì sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Sùlèímọ̀n dá táyà padà síbi tí wọ́n ti yọ ọ́. Ojú tì í débi pé kò dágbére. Wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àúdù wà níbẹ̀, ó ń so táyà kọ́, Hàjàrá sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n," Adéfọlá bẹ̀rẹ̀, "igba táyà àkọ́kọ́ yẹn, 4,000 ni ẹ ra ọ̀kan. Èélòó ni ẹ tà á?"

"4,600. Gbogbo rẹ̀ di 920,000. Mo yọ 120,000 tó jẹ́ èrè, mo fi san owó ilé ìwé àwọn ọmọ, mo fi ra àgbò. Ojú owó mi pé pérépéré, 800,000. Mi ò fọwọ́ kàn án."

"Nígbà tí Àúdù padà lọ, èélòó ni ọ̀kan ti dà?"

"Ó ní 5,000."

"Tí ẹ bá fẹ́ ra igba padà ní 5,000, èélòó ni ẹ máa nílò?"

Sùlèímọ̀n kò pẹ́ kó tó ṣírò rẹ̀. Oníṣòwò ni, orí rẹ̀ pé. "Mílíọ̀nù kan."

"Ẹ̀yin sì pa 920,000. Bí ẹ ò tilẹ̀ ná pẹ́sẹ̀wà kan nínú rẹ̀, ó ṣì ku 80,000 kí igba tó pé. Èrè wo wá ni ẹ yọ, ẹ̀gbọ́n?"

Sùlèímọ̀n jókòó sórí àpótí.

"Ojú owó ni mo fi ra àgbò," ó ní.

"Ojú owó ni. Ẹ ń wo iye tó wà nínú àpótí, ẹ ń sọ pé ó pé. Àpótí ò mọ̀ pé ọjà ti gbówó lórí. Igba táyà ni ojú owó yín. Tí ẹ bá ta igba tí owó yẹn ò lè ra igba padà, ẹ ti jẹ nínú rẹ̀. Kí ẹ tó pe nǹkan kan ní èrè, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, èélòó ni a ó fi ra òmíràn? Ẹ yọ ìyẹn sọ́tọ̀. Ẹ yọ owó ọkọ̀ àti owó ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni kí ẹ mú lọ sílé."

"Ṣùgbọ́n táyà tí mo rà ní 5,000, kí n wá tà á ní 7,000? Ṣé kì í ṣe ìrẹ́jẹ nìyẹn?"

"Ìyẹn, ẹ lọ bi Alfa lọ́la. Ìṣirò ni tèmi." Adéfọlá yíjú sí Àúdù, tó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ náà, pa ẹnu dé. Tí o bá gba ríìsíìtì, ta ni yóò pè ọ́ ní olè? Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó parí kí wọ́n tó bu omi fún ọ mu lo jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ Àlùkùránì. Owó tí o ń dì mọ́ ìbàdí lọ sí Accra yẹn ńkọ́? Tí àwọn olè bá dá ọkọ̀ dúró lọ́nà, ta ni yóò gbà ọ́ gbọ́?"

"Kí ni ká ṣe sí i?" Hàjàrá béèrè.

"Kí Alájì ṣí àkáǹtì káríǹtì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì bínú. Àkáǹtì sefín, ti ìfowópamọ́, ló ń bí èlé. Káríǹtì kì í bí nǹkan kan. Iye tí ẹ bá fi sí i lẹ máa bá níbẹ̀, báńkì á kàn yọ owó iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Tí Àúdù bá ń lọ ra ọjà, báńkì á kọ díráàfùtì fún un lórúkọ ẹni tó ń ta táyà. Ìwé pélébé kan ni yóò gbé lọ, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ nìkan ló sì lè gba owó náà."

Lọ́tẹ̀ yìí, Sùlèímọ̀n kò sọ pé òun kì í jẹ èlé mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ pé, tí wọ́n kírun tán, àwọn àgbà jókòó sórí ẹní níwájú mọ́sálásí. Alfa Jùnáídù wà láàárín, wọ́n sì ti gbé Àlùkùránì kalẹ̀. Sùlèímọ̀n ì bá ránṣẹ́ sí wọn pé ọ̀rọ̀ ti tán nílé. Ọ̀pọ̀ wa ni ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níta ló ti pe àbúrò rẹ̀ ní olè, níta náà ló sì dìde dúró sí.

"Mo pè yín pé kí Àúdù wá búra," ó wí. "Kò ní búra. Kò jí táyà kankan. Òótọ́ ló sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mi ò gbà á gbọ́, nítorí mi ò fẹ́ mọ bí ọjà ṣe ń lọ, iye àná ni mo sì ń tà á fún Yaw. Àúdù, níwájú gbogbo wọn, mo bẹ̀ ọ́, foríjì mí."

Bàbá àgbàlagbà kan na ọwọ́ sókè. "Toh. Ta ló wá jẹ táyà márùndínlọ́gọ́rin tó dín?"

"Èmi àti Yaw la jọ jẹ ẹ́," Sùlèímọ̀n dáhùn, "èmi ni mo sì bu tirẹ̀ fún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alfa Jùnáídù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sùlèímọ̀n, nígbà tí o bá ń yọ sàká lórí ọjà rẹ, iye wo lo máa ń kà á sí?"

"Iye tí mo rà á ni, Alfa."

"Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Iye tí ọjà ń jẹ́ lọ́jọ́ tí o yọ sàká ni wọ́n ní ká kà. Tí o bá lè ka táyà rẹ sí iye òní fún Ọlọ́run, kí ló dé tí o fi ń kà á sí iye àná fún Yaw? Kí o fi àbùkù ọjà pa mọ́, ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀. Kí o tà á ní iye tí ọjà ń lọ, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀."

Lẹ́yìn náà, ó pe Àúdù sún mọ́ ara rẹ̀. "Ìwọ náà, wá ra aṣọ yìgì rẹ kó tó gbówó lórí." Omi bọ́ lójú Àúdù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dì mọ́ ọn níbẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀rọ̀ yín la ń sọ o. Bó jẹ́ táyà lẹ ń tà, bó jẹ́ ọṣẹ, bó jẹ́ ìṣó, ẹ lọ wo ọjà káàkiri, ẹ mọ iye tó ń lọ lónìí. Ojúkòkòrò kọ́, iṣẹ́ yín ni. Ẹ má ṣe fi iye àná ta ọjà òní. Ẹ ya owó tí yóò ra ọjà padà sọ́tọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan èrè, kí àwọn ará ilé náà sì mọ̀ pé èrè nìkan ni ẹran àti aṣọ ti ń wá. Ẹni tí ẹ bá rán lọ rajà, ẹ sọ fún un kó gba ríìsíìtì. Kì í ṣe pé ẹ ò fọkàn tán an, kí ẹ lè máa fọkàn tán an lọ ni. Ẹ gbé owó kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ sí báńkì. Tí èlé bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ béèrè fún káríǹtì, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín títí yóò fi yé yín.

Tí ọjà bá sì dín lójú yín, kí ẹ tó pe ọmọ ìyá yín ní olè, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè èélòó ni wọ́n ń tà á.