Omi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

Òórùn inú ike omi náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ó ń rùn bí àkísà ìnulẹ̀ tí wọ́n ká tútù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó wá rà síbẹ̀. Rọ̀bọ̀tọ̀ gbé e súnmọ́ ẹnu, ó tún gbé e kúrò.

"Dímú, kó o gbé e mì! Ta ló ní kó o máa gbóòórùn ẹ̀?" Onídìrí tó ni ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ̀rọ̀, ó fi eyín há òòyà. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ là ń pè é. Kó tó pẹ́, ìbàdí ẹ á gba inú òrùka kọjá."

Rọ̀bọ̀tọ̀ dímú, ó gbé e mì. Omi bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò.

Ẹ má tíì bú u. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀bùn, ìtìjú ló ń lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló nawọ́ sókè ní kíláàsì láti dáhùn ìbéèrè, ni bọ́tìnnì àyà aṣọ rẹ̀ bá já pàù, ó lọ ba tíṣà níwájú orí. Kíláàsì dà rú fún ẹ̀rín. "Rọ̀bọ̀tọ̀ ti yìnbọn o!" Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tọjọ́ náà wọ̀ ọ́ dé egungun. Ẹnì kan péré ni kò rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ pé Ẹlẹ́rìn-ín gan-an ni wọ́n ń pè é. Òun ló kúnlẹ̀ tó bá a wá bọ́tìnnì náà lábẹ́ àga.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni Rọ̀bọ̀tọ̀ ń gbé. Alágbàfọ̀ ni màmá yìí, yàrá wọn sì wà lókè ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ. Òun náà kì í ṣe pẹ́lẹ́ńgẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Ìrìn ló fi ń kó aṣọ tó ti lọ̀ lọ fún àwọn oníbàárà.

"Wá bá mi gbé aṣọ wọ̀nyí dé ìkọjá afárá. Ìrìn á jẹ́ kí ara ẹ fúyẹ́, wàá sì rí ìlú."

"Màmá, kí ni mo fẹ́ rí ní títì? Mọ́tò á gbé mi."

"Mọ́tò ló rìn nígbà yẹn o. Ìwọ jókòó ni."

Omi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣiṣẹ́, bí a bá lè pe irú èyí níṣẹ́. Inú Rọ̀bọ̀tọ̀ ń kùn bí ẹ̀rọ ìfọṣọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì di pálọ̀ rẹ̀. Kì í jẹun ọ̀sán. Tí ebi bá wá mú un gidi, á yọ́ lọ sẹ́yìn àpò aṣọ ìdọ̀tí, á jókòó sáàárín ìbọ̀sẹ̀ rírùn àwọn oníbàárà, á jẹ odindi búrẹ́dì kan, á fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò tì í. Ẹ wo ibi tí ọmọ tó ní tábìlì nílé ti ń jẹun!

Síbẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì tó ń fún un bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Onídìrí ní, "Mú ọ̀rẹ́ kan wá, tìẹ á di ọ̀fẹ́." Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì, ó mú Ẹlẹ́rìn-ín lọ.

"Èmi kẹ̀? Ṣé mo sanra ni?"

"Kò tíì hàn ni. Tó bá hàn tán, ẹ̀pa ò bóró mọ́."

Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín títí, ó sì mu ún nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àgùntàn tó bá bá ajá rìn, ẹ ṣáà mọ ohun tí yóò jẹ.

Ọjọ́ ìdánwò ìṣirò ni ìgbẹ́ gbuuru mú Ẹlẹ́rìn-ín. Ó nawọ́, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun jáde. Olùṣọ́ ìdánwò ní kó dúró ná. Kò ṣeé dúró. Ó dà sí i lára, ó ṣàn wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó ṣàn sábẹ́ àga. Òórùn gba gbogbo yàrá. "Háà, ẹ̀gbin!" "Ẹ lé e síta!" Wọ́n fi ìwé ìdánwò dímú.

Rọ̀bọ̀tọ̀ náà dímú, ó sì fa àga tirẹ̀ sẹ́yìn. Ìgbà yẹn gan-an ni ojú rẹ̀ àti ojú Ẹlẹ́rìn-ín ṣe mẹ́rin. Ojú Ẹlẹ́rìn-ín yí, ó sì ṣubú lulẹ̀ sínú ẹ̀gbin náà.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti fa omi sí i lára, ṣùgbọ́n kò lajú. "Kí lọmọ yìí mu?" ni nọ́ọ̀sì ń bèèrè. "Ọkàn ẹ̀ ò lù dáadáa. A gbọ́dọ̀ mọ ohun tó mu!" Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín ń fọwọ́ gba àyà, ó ní oúnjẹ tí òun sè ni. "Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ọmọ mi!" Rọ̀bọ̀tọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó yọ́ jáde, ó sáré gba ọ̀dọ̀ onídìrí lọ.

Onídìrí ń po òmíràn lọ́wọ́. Inú ọpọ́n tó fi ń fọ irun fún àwọn oníbàárà ló ti ń pò ó. Irun ń léfòó lójú omi, ìfóòfó ọṣẹ lẹ̀ mọ́ etí ọpọ́n. Ó ń fọ́ oògùn àìrígbẹ́yà láti inú páálí sí i bí ẹni fọ́ ṣúgà, ó ń fi ìdí òòyà rò ó.

"Aǹtí, ọ̀rẹ́ mi ń kú lọ!"

"Pa ẹnu ẹ dé! Èmi ni mo lọ pè é nílé? Ìwọ lo mú un wá. Tó o bá sọ, ìwọ ni wọ́n á kọ́kọ́ mú."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ máa ń mu ún?"

Onídìrí wò ó bí ẹni wo wèrè. "Kí èmi mu irú rádaràda yìí?"

Rọ̀bọ̀tọ̀ bì sẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe omi irun nìkan ló kó o nírìíra. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ tó fi dímú ló kó o nírìíra jù. Ó já páálí oògùn náà gbà, ó sáré padà.

"Ohun tó mu nìyí," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Èmi ni mo mú un lọ síbẹ̀. Èmi ni."

Nọ́ọ̀sì gba páálí náà, ó sáré wọlé bá dókítà. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín wo Rọ̀bọ̀tọ̀ títí, ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín lajú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ṣọ́ọ̀bù onídìrí pa. Rọ̀bọ̀tọ̀ ro ẹjọ́ náà fún màmá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò bo ìkankan. Màmá lọ gba aṣọ ilé ìwé Ẹlẹ́rìn-ín wá láti ilé ìwòsàn, ó jù ú sí i níwájú, bó ti rí gẹ́lẹ́.

"Ẹ jẹ́ n jù ú sínú ẹ̀rọ, Màmá."

"Ṣé ẹ̀rọ ló mú un lọ mu ún? Ọwọ́ ẹ ni wàá fi fọ̀ ọ́. Má sì dímú."

Ó fọ̀ ọ́. Ó ṣan án títí omi fi mọ́.

Látìgbà náà ló ti ń bá màmá gbé aṣọ kiri. Bí wọ́n ṣe ń rìn ni ìlú ń tú sílẹ̀ bí aṣọ tí a ká: àwọn bàbá arúgbó tó ń jiyàn bọ́ọ̀lù lábẹ́ afárá, ọkọ̀ ojú omi tó ń fọn fèrè, ẹni tó ń kun pátákó lórí àkàbà, tó sì ń kọrin burúkú. Níwájú ṣọ́ọ̀bù kéèkì, màmá ra ẹyọ kan, ó bù ú sí méjì. "Jẹ ẹ́ síta gbangba. Oúnjẹ tí a ń sá pamọ́ jẹ ló ń sọ ara di bàmùbàmù." Nílé, wọ́n ń jẹun lórí tábìlì: ẹ̀fọ́ púpọ̀, ẹ̀wà, ẹja, ìwọ̀nba ìrẹsì, omi tútù. Rọ̀bọ̀tọ̀ kò di ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ o. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fọn, bí ọṣẹ ṣe ń fọn lọ́wọ́ alágbàfọ̀, kò sì mí gúlegúle mọ́ tó bá gun àtẹ̀gùn.

Ẹlẹ́rìn-ín ní láti tún ìdánwò náà ṣe. Odindi sáà kan ni kò fi bá Rọ̀bọ̀tọ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n pàdé lórí afárá. Dókítà ló ní kí Ẹlẹ́rìn-ín máa rìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè le.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí.

"Mo mọ̀."

"Kò tán síbẹ̀. Bọ́ sápá ibí. Oòrùn ń pa mí, ìwọ lo fẹ̀ tó láti ṣíji bò mí."

Rọ̀bọ̀tọ̀ bọ́ sápá ibi tí oòrùn wà. Wọ́n jọ rìn.

Ẹ̀yin ọmọ, ara kì í ṣe àbàwọ́n tí a ń fi oògùn bó. Ẹni tó bá fẹ́ jò, kó máa rìn, kó jẹun bó ṣe yẹ, kó sì ṣe sùúrù. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra ẹwà, ẹwà náà yóò máa rùn.