Tánsì àti Ás, Ọmọ Rẹ̀ Tó Jẹ́ Òkúta

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ ibí. Òtútù ti dé, iná sì ti ràn. Àsìkò ìtàn rèé, mo sì ní ọ̀kan tó ṣì gbóná lẹ́nu mi. Ìtàn ọmọ kan ni, àti òkúta kan. Ẹ tẹ́tí.

Tánsì lorúkọ ọmọ náà. Ẹ̀bá odò Klamath, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ń gbé, níbi tí òkè ti ga, tí ìkùukùu ń sùn mọ́ orí igi.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Tánsì tètè jí. Kò tíì bọ́jú. Kò tíì jẹun. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ kí.

"Ayukîi, Ás!"

Bí àwọn Karuk, ẹ̀yà Tánsì, ṣe ń kí ara wọn nìyẹn. Ẹ kí mi wò. Ayukîi!

Ás kò dáhùn. Òkúta ni Ás.

Ó rí roboto. Ó ń dán. Ó wúwo díẹ̀. Ní èdè Karuk, òkúta gan-an ni wọ́n ń pè ní ás. Tánsì kò wá orúkọ jìnnà.

Ó fi aṣọ pupa wé Ás. Ó tẹ́ ẹ sínú agbọ̀n ọmọ kékeré tí Màmá Àgbà hun fún un. Ó ń mì í. Fìì sọ́tùn-ún. Fìì sósì.

Màmá Tánsì kò sí nílé. Ó ti lọ bímọ sí ilé ìwòsàn, lẹ́yìn òkè. Gbogbo ilé ń sọ̀rọ̀ ọmọ tuntun.

"Ọmọ tuntun ń bọ̀ lónìí!"

"Níbo ni ọmọ tuntun máa sùn?"

"Ẹ wá aṣọ fún ọmọ tuntun!"

Tánsì rọra sọ fún Ás pé, "Má dá wọn lóhùn. Èmi ni mo ni ẹ́."

Àǹkù Lẹ́sítà, àbúrò màmá rẹ̀, ń ru igi ìdáná kọjá.

"Tánsì, ọmọ yìí mà sanra o! Kí lò ń fún un jẹ?"

"Ó ti yó, Àǹkù."

"Ó jọ ẹ́. Orí kan náà lẹ ní."

"Orí tiyín ló jọ!" ni Tánsì wí. Àǹkù rẹ́rìn-ín títí igi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ léjìká rẹ̀.

Lẹ́yìn ilé, Màmá Àgbà ti dáná. Ó fẹ́ se xuun. Ẹ̀kọ èso igi óákù ni xuun. Ẹ ha ọ̀fun díẹ̀ kí ẹ tó pè é. Xuun! Kò sí oúnjẹ tí màmá Tánsì fẹ́ràn tó o.

Màmá Àgbà kò gbé ìkòkò kaná. Inú agbọ̀n ló ti ń se ẹ̀kọ! Wọ́n hun agbọ̀n náà mọ́ra, omi kì í jò níbẹ̀. Òkúta gbígbóná ló ń kó sínú rẹ̀.

Ó nawọ́ sínú garawa òkúta. Ó tú u. Ó tún un tú.

"Lẹ́sítà! Ta ló gbé òkúta mi? Èyí tó tóbi jù!"

"Mọ́mì, ẹ má wojú mi o. Èmi kì í jẹ òkúta."

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Tánsì gbá Ás mọ́ra. Àyà rẹ̀ ń lù. Kì-kì-kì. Kì-kì-kì.

Màmá Àgbà kó àwọn òkúta kéékèèké sínú ẹ̀kọ. Ṣìì. Ṣìì. Ẹ̀kọ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò hó.

"Òkúta ńlá ló ń mú un hó," ni Màmá Àgbà wí. Ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi á ti ọ̀nà jíjìn dé, á wá bá ẹ̀kọ tí kò jinná."

Tánsì yọjú. "Màmá Àgbà, òkúta ṣáà pọ̀ létí odò."

"Ó pọ̀, ìyá mi. Ṣùgbọ́n gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run."

"Ẹ jẹ́ n wá ọ̀kan wá," ni Àǹkù Lẹ́sítà wí. Ó sáré lọ sódò. Ó sáré bọ̀. Òkúta tirẹ̀ rí roboto. Òkúta tirẹ̀ ń dán. Inú Tánsì dùn.

Wọ́n tì í sínú iná. Wọ́n dúró. Wọ́n tún dúró.

GBÀÀÀ!

Òkúta bẹ́! Eérú fọ́n ká! Àǹkù Lẹ́sítà fò fìrì, ó bá ara rẹ̀ nínú koríko.

"Yéè! Ṣé ojú mi ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀," ni Màmá Àgbà wí. "Kò kúkú dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Tánsì kò rẹ́rìn-ín. Ó wo iná. Ó wo Ás. Bí Ás náà bá bẹ́ ńkọ́?

Ó wo ẹ̀kọ tí kò hó. Ó rántí màmá rẹ̀.

Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, ó lọ bá Màmá Àgbà.

"Màmá Àgbà... ọ̀dọ̀ mi ni òkúta yín wà. Ọmọ mi ni."

Màmá Àgbà kò jágbe. Ó ṣí aṣọ pupa náà díẹ̀, ó yọjú wò ó.

"Ṣé ó ti sùn?"

"Rárá, mà. Ẹ̀rù ń bà á."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Ẹ̀rù iná."

Màmá Àgbà fà á mọ́ra. "Gbọ́, ọmọ mi. Ìyá mi ló fi òkúta yìí lé mi lọ́wọ́. Kí n tó hu eyín ló ti ń wọ iná. Eyín mi ti wá ká báyìí, ó ṣì ń wọ iná. Kò bẹ́ rí. Á lọ, á sì bọ̀."

"Ṣé á ṣì jẹ́ ọmọ mi tó bá jáde?"

"Ta ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ? Ṣùgbọ́n ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ tó níṣẹ́ lọ́wọ́ kì í wé aṣọ sùn títí di ọ̀sán."

Fọ́ọ̀n! Fọ́ọ̀n! Lọ́nà jíjìn, ọkọ̀ bàbá Tánsì, tó lọ gbé màmá àti ọmọ tuntun, ti wọ kọ́nà ìsàlẹ̀ odò.

Tánsì tú aṣọ pupa. Ó gbé Ás fún Màmá Àgbà. Ó di ojú rẹ̀ pinpin.

"Lọ o, Ás. Kí o sì bọ̀."

Ás wọ iná. Tánsì ń retí GBÀÀÀ. Kò gbọ́ GBÀÀÀ.

Ó la ojú kan. Ó la èkejì. Ás ti gbóná janjan, kò sì bẹ́!

Màmá Àgbà fi igi méjì gbé e jáde. Ó rì í bọmi kí eérú lè ṣí. ṢÌÌÌÌ! Ó sọ ọ́ sínú ẹ̀kọ. Pọ̀kọ̀! Pọ̀kọ̀-pọ̀kọ̀! Ẹ̀kọ ń hó!

"Tánsì, gba orógùn! Rò ó! Má jẹ́ kó jókòó. Tó bá jókòó, á jó agbọ̀n!"

Tánsì rò ó yípo yípo. "Má jókòó, Ás! Dìde! Má sùn!"

Pọ̀kọ̀-pọ̀kọ̀-pọ̀kọ̀! Ẹ̀kọ ki. Ẹ̀kọ jinná.

Màmá Àgbà yọ Ás. Tánsì lanu. Ás ti wọ ẹ̀wù! Ẹ̀kọ gbẹ mọ́ ọn lára, ó nípọn, ó ń ta sánsán.

"Ṣé o mọ ẹni tó ni èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn?"

"Ta ni, mà?"

"Ọmọ ilé ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe lá a nígbà tí mo kéré. Jẹ́ kó tutù ná."

Ọkọ̀ dé. Bàbá gbé agbọ̀n ọmọ sọ̀kalẹ̀. Ọmọ tuntun jókòó sínú rẹ̀ bí ọba, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń yọ síta. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré bí èso inú igbó.

Àǹkù Lẹ́sítà la ẹnu láti fi òyìnbó kí i. "Hẹ̀—"

Pà! Màmá Àgbà ti bo ẹnu rẹ̀. "Èdè wa ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ nílé yìí. Tánsì, ìwọ lẹ̀gbọ́n. Kí i."

Tánsì sún mọ́ ọn. Ó tún sún mọ́ ọn.

"Ayukîi."

Ọmọ tuntun la ojú kan. Ó fún imú pọ̀.

"Hàtíṣìn!"

"Ó dá mi lóhùn!" ni Tánsì kígbe. "Ẹ gbọ́ ọ? Ó dá mi lóhùn!"

Màmá Tánsì mu xuun. Ó pa ojú dé, adùn wọ̀ ọ́ lára. "Ta ló se é?"

"Èmi, Màmá Àgbà, àti Ás."

"Ẹ ṣé o. Wá síbí, ọmọ mi. Àárò ẹ sọ mí." Màmá gbé Tánsì sórí itan rẹ̀.

Ás ti tutù. Tánsì ń lá a níbẹ̀, lórí itan màmá rẹ̀. Ó lá iwájú. Ó lá ẹ̀yìn. Ó ṣẹ́ díẹ̀ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ti àbúrò mi nìyí."

"Kò mà ní eyín!" ni Àǹkù Lẹ́sítà wí.

Tánsì wo ọmọ tuntun. Ó wo ẹ̀kọ tó kù.

Ó lá a tán.

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti sọ ọ́ tán. Bí àwọn Karuk ṣe máa ń parí ìtàn ni n ó ṣe parí tèmi: kí ẹ̀yìn èmi tí mo sọ ọ́ má tẹ̀, kí ẹja sì tètè gòkè odò wá. Àǹkù Lẹ́sítà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ọ̀ọ́kán ló sì dúró sí, ó jìnnà réré sí iná.