Bíréèkì Tí Bánkọ́lé Tú

Bánkọ́lé, mẹkáníìkì ọ̀kadà ní Ìfàkì-Èkìtì, kì í gbàgbé ohun tí ènìyàn bá ṣe fún un. Ibi ni mo ń wí, kì í ṣe oore.

Nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ bá a ṣe àríyá láti fi kó owó jọ, bí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń ṣe. Láyí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ni alága. Láyí ti mutí yó. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Ẹ ṣàánú ọkọ ìyàwó yìí o. Ilé wa ni ìyá rẹ̀ ti máa ń wá tọrọ gàrí kó tó rí nǹkan fún un jẹ."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Bánkọ́lé, tó jókòó níwájú, sorí kọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Bánkọ́lé ti búra nínú ara rẹ̀ pé Láyí yóò sunkún lọ́jọ́ ayọ̀ tirẹ̀. Ó ń bá a jẹ, ó ń bá a mu, ó ń ṣọ́ ọ.

Àsìkò ìgbéyàwó Láyí dé. Ìlú Ẹ̀dá-Oníyọ̀ ni wọ́n ti ṣe àríyá tirẹ̀. Bánkọ́lé àti Àníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ lọ. Nígbà tí ijó gbóná, Bánkọ́lé yọ́ lọ sídìí ọ̀kadà Láyí, ó tú bíréèkì rẹ̀. Ó padà wá jókòó, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń retí kí Láyí máa lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ọtí ẹlẹ́rìndòdò tán. Láyí ní òun yóò sáré lọ ra sí i. Àníkẹ́ ní òun yóò bá a di ẹrù mú. Kí Bánkọ́lé tó gbójú sókè, ìyàwó rẹ̀ ti wà lẹ́yìn Láyí lórí ọ̀kadà.

Ó fẹ́ kígbe. Ṣùgbọ́n bó bá kígbe, gbogbo ayé á mọ ohun tó ṣe. Ó dákẹ́. Ìgbà tó fi máa la ẹnu, wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Láyí tẹ bíréèkì, kò mú, wọ́n sì ṣubú.

Ẹsẹ̀ Àníkẹ́ kán. Apá Láyí kán, orí rẹ̀ sì là. Wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú.

Ní ọsibítù, Bánkọ́lé jẹ́wọ́ fún Akínyẹmí, onígbàgbọ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Akínyẹmí kò fi òótọ́ pamọ́ fún un rárá.

"Láyí ṣẹ ìyá rẹ, òótọ́ ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n apànìyàn ni ìwọ fẹ́ dà. Wọ́n kan Jésù mọ́gi láìṣẹ̀. Ó lágbára láti gbẹ̀san, kò gbà á. Àdúrà ló gbà fún wọn. Irú ìwọ yìí gan-an ló kú fún."

Bánkọ́lé kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níta yàrá àwọn aláìsàn, ó sunkún, ó sì fi ayé rẹ̀ fún Kristi. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ pe ọlọ́pàá, òun kò ní sá. Àníkẹ́ sunkún títí, kó tó na ọwọ́ sí i.

Láyí yíjú sí ògiri. Títí di òní, kò tíì dárí jì í. Bánkọ́lé ń gbàdúrà fún un, ó sì ń lọ bẹ̀ ẹ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta ni ìwọ ń ṣọ́? Orúkọ ta ló wá sọ́kàn rẹ bí o ti ń kà á? Ẹ̀san tí o gbé pamọ́ kò mọ ẹni tí o pète rẹ̀ fún. Ẹni tó bá kàn ni yóò pa. Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Dárúkọ ẹni náà fún Jésù nísinsìnyí, kí o sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó láti wẹ̀ ọ́ mọ́. Ronú pìwà dà lónìí, nígbà tí ọwọ́ rẹ kò tíì ṣe ohun tí ẹkún kò lè tún ṣe.