Apá Ẹ̀wù Tó Bá Aṣọ Ìkélé Lọ

Orí àkàbà ni aránṣọ ti kọ́kọ́ rí oníwáyà náà. Ọkùnrin náà gbé wáyà kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀, ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì so iná mọ́ òkè gbọ̀ngàn. Aránṣọ tó kúnlẹ̀ sísàlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìkélé pupa gbàgbé pé abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ òun, ó sì gún ara rẹ̀ ní àtàǹpàkò.

Ọkùnrin náà yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Màdáámù Abẹ́rẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé èmi ni mo fà á?"

"Ta ló ń wò yín?" ni aránṣọ dá a lóhùn, àmọ́ ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí àjọ̀dún ìmọ̀ ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀. Oníwáyà ń so iná, aránṣọ ń rán aṣọ ìkélé. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, oníwáyà á sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bá aṣọ sọ̀rọ̀ ju èèyàn lọ. Aránṣọ sọ fún un pé bàbá òun ló kọ́ òun níṣẹ́ láti ọmọ ọdún méje, àti pé òfin kan ṣoṣo ni bàbá ní: má gé òwú láìtíì yí aṣọ padà kí o wo abẹ́ rẹ̀.

Òfin yìí ló ṣẹ̀ sí lọ́jọ́ tí àjọ̀dún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ló fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, nípa ohun tó ń mú kí nǹkan gbòde kan lórí ẹ̀rọ ayélujára. Gbọ̀ngàn kún, fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni aṣọ ìkélé ńlá iwájú ìtàgé ya létí. Oníwáyà sáré wá, ó fi apá gbé e sókè, aránṣọ sì ń rán an lórí ìdúró, bí àwọn tó ṣètò àjọ̀dún ṣe ń pariwo pé kó ṣe kíá. Ó ta kókó, ó gé òwú. Kò wo abẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń ṣí ìtàgé fa aṣọ ìkélé, ó sì fa oníwáyà mọ́ ọn. Apá ẹ̀wù funfun rẹ̀ ti wà nínú ìránṣọ. Ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn láti igun kan ìtàgé dé ìkejì, lójú ẹgbẹ̀rún èèyàn, títí apá ẹ̀wù náà fi ya kúrò léjìká.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó rántí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé sọ. Fídíò náà ti kárí ayé. Àwọn èèyàn ń fi abẹ́rẹ́ so apá ẹ̀wù wọn mọ́ ilẹ̀kùn, mọ́ àga, mọ́ ẹ̀wù ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ rán mi mọ́ ọn." Ọ̀pọ̀ ń ṣeré ni. Àwọn kan sì ń sọ pé irú aránṣọ wo ni kò mọ aṣọ yàtọ̀ sí èèyàn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni aládùúgbò kan kà sétí bàbá. Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Ogójì ọdún ni mo fi ránṣọ. Kò sẹ́ni tó fi iṣẹ́ mi ṣẹ̀fẹ̀ rí." Ó ní kí ọmọ òun má padà sí gbọ̀ngàn náà mọ́, kí oníwáyà náà má sì dé ẹnu ọ̀nà òun.

 Èyí tó wá dun aránṣọ jù ni pé odidi ọjọ́ mẹ́ta, oníwáyà kò pè é. Ó gbọ́ pé àwọn tó ṣètò àjọ̀dún fẹ́ kí àwọn méjèèjì wá tún un ṣe lọ́jọ́ ìparí, kí wọ́n máa ṣe bí olólùfẹ́ fún kámẹ́rà. Ó rò pé oníwáyà ti gbà, pé ó ti di gbajúmọ̀, kò sì rántí òun mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, oníwáyà kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn. Ó kí bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá kò ní kó jókòó.

Ó ṣàlàyé lórí ìdúró. Àwọn ará àjọ̀dún pe òun lóòótọ́, òun sì kọ̀. Apá ẹ̀wù òun ni òun ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ mẹ́ta, torí wọ́n ti gé e kúrò lára aṣọ ìkélé, wọ́n fẹ́ gbé e kọ́ fún ìran wíwò. "Mi ò fẹ́ wá lọ́wọ́ òfo," ó wí, ojú rẹ̀ sì wà lára aránṣọ. "Ohun tó wà láàárín wa kì í ṣe eré."

Ó fa apá ẹ̀wù náà yọ nínú ọ̀rá. Ìrépé aṣọ pupa ṣì wà lára rẹ̀.

Bàbá wọ awò ojú. Ó yí i padà, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ẹ̀wù ti ya léjìká, aṣọ ìkélé ti ya létí, àmọ́ ojú ìránṣọ náà wà digbí. Ó fi èékánná tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹ̀rọ fa géńdé ọkùnrin kọjá ìtàgé," ó wí níkẹyìn, "òwú yìí ò já. Èmi gan-an ò rán irú èyí rí lórí ìdúró." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín wá fà á wò. Ọmọ mi ló rán an."

Omi lé sójú aránṣọ. Bàbá fa àga kan fún àlejò rẹ̀.

"Kí lo wá gbà níbí?"

"Ọmọ yín ni, sà."

"Ṣé o mọ̀ pé ohun tó bá ti rán kì í tú?"

"Mo ti fi ara mi dán an wò, sà."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló kan apá ẹ̀wù náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, lókè ẹ̀rọ ọmọ rẹ̀. Kò sí oníbàárà tó wọlé tí bàbá kì í ní kó wá fọwọ́ fà á.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó wọn, aránṣọ jókòó sínú yàrá tuntun wọn, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ ojú fèrèsé. Oníwáyà jókòó tì í pẹ́kípẹ́kí, ó ń wo ìta, ó ń súfèé bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Aránṣọ mú àlùmọ́gàjí láti gé òwú. Ó rántí òfin bàbá. Ó yí aṣọ padà, ó wo abẹ́ rẹ̀.

Apá ẹ̀wù oníwáyà wà níbẹ̀, ó ti bá aṣọ lọ.

Ó wò ó dáadáa. Ó ta kókó lé e lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gé òwú.