Orin Keje Nínú Àwo Alápàáǹdẹ̀dẹ̀

Obìnrin mẹ́rin ni fọ́tò wọn wà lára páálí àwo orin náà. Bí a bá fi ẹ̀gbọ́n mi kún wọn nínú orin keje, wọ́n di márùn-ún. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbọ́ orin yẹn nílé wa ní Ṣakí, ohùn mẹ́fà ni mo kà. Mo dá a padà, mo tún un kà. Mẹ́fà ni. Mo rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ ni orúkọ mi. Tíṣà ni mí, èmi àti Màámi nìkan la sì jọ ń gbé. Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí ẹ̀gbọ́n mi, Àbíkẹ́, ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Áyálándì, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan tó kọjú sí òkun. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí oorun kì í kùn. Àbíkẹ́ a máa kọrin fún un, orin tí ìyá Màámi fi ń rẹ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́kún ní Ìgànná. Ọmọ arúgbó náà, Nóra, gbọ́ ọ. Òun àti àwọn obìnrin mẹ́ta kan ní ẹgbẹ́ olórin tí orúkọ rẹ̀ lédè wọn túmọ̀ sí alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Àwo àkọ́kọ́ wọn ni wọ́n ń múra rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí Nóra sin ìyá rẹ̀ tán, ó bẹ Àbíkẹ́ pé kó wá bá wọn kọ orin yẹn.

Nínú oyẹ́ ọdún yìí ni ará Ìṣẹ́yìn kan tó wá sílé láti Áyálándì bá wa mú àwo náà dé. Màámi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Mo gbé ẹ̀rọ tì í, mo fi àwo sí i. Fèrè wọn kọ́kọ́ wọlé, ó tín-ín-rín bí atẹ́gùn tó ń gba àárín koríko gbígbẹ. Ohun kan tó ń dún bíi gòjé tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, Àbíkẹ́.

"Ọmọ mi rèé o!" Màámi fi etí aṣọ nu ojú. "Bí ìyá mi ṣe máa ń kọ ọ́ gan-an nìyẹn."

Orin parí. Mo na ọwọ́ kí n pa ẹ̀rọ, ni ẹnì kan bá sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti inú rẹ̀ pé, "Àyìnkẹ́."

Kò sẹ́ni tó ń pe Màámi bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá Àbíkẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni tó ń pè é ní Àyìnkẹ́ ti wà nínú ilẹ̀ ní Ìgànná láti ìgbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Oo!" Màámi ti dáhùn kí n tó lanu. "Ìyá, mo ń bọ̀!"

"Màámi! Ta lẹ dá lóhùn?"

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni nǹkan ń ṣe. "O ò gbọ́ pé wọ́n ń pè mí ni?"

Òun gan-an ló kọ́ mi ní kékeré pé bí mo bá gbọ́ orúkọ mi tí n kò rí ẹni tó pè é, n kò gbọdọ̀ dáhùn. Mo pe Àbíkẹ́ lórí fóònù lójú ẹsẹ̀.

"Àǹtí mi, ta ló pe Àyìnkẹ́ níparí orin yín?"

"Àyìnkẹ́ bí i ti báwo? Ibi tí mo ti dákẹ́ ni orin yẹn parí sí. Ṣé kò sí o?"

Mo ní kò sí, mo pa fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, Màámi nawọ́ sí omi. Kò lè dárúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, iyọ̀ ló ń wá, ó ń fi ìka hàn mí. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ orí ni. Síbẹ̀, mo tún gbé orin keje sí i, mo gbé etí lé e. Ohùn yẹn pe Àyìnkẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ Màámi nínú àwo, tòun ti ikọ́ oyẹ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu: "Oo! Ìyá, mo ń bọ̀!" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Omi." Ó tún dákẹ́. "Iyọ̀."

Mo gbé e lọ bá Cornelius, tó ń tún rédíò ṣe ní òdìkejì títì. Mi ò sọ nǹkan kan fún un. Ó gbọ́ ọ dópin, ó yọ ohun tó fi ń gbọ́ ọ kúrò létí.

"Tíṣà, Ìyá Àbíkẹ́ kọ́ nìyí?"

"Àwọn ni."

Ó yí àwo náà síwá sẹ́yìn. "Irú èyí kì í gba ohùn tuntun. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún náà ló máa wà." Ó rọra tì í sí mi lórí tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un wá síbí mọ́."

A lọ ọsibítù. Dókítà yẹ ọ̀fun Màámi wò, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò inú orí rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọn ò rí nǹkan kan. Àwọn ará ìjọ gbọ́wọ́ lé e, wọ́n gbàdúrà títí ohùn tiwọn náà fi há. Ojoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ ń dín lẹ́nu rẹ̀, ó sì mọ̀. Ohun tó ń pa mí lára jù nìyẹn, pé ó mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó di ọwọ́ mi mú, ó fẹ́ pe orúkọ mi. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbìyànjú. Nígbà tó bú sẹ́kún, ẹkún náà kò dún.

Mo gbé àwo yẹn lọ sẹ́yìnkùlé, mo fi ọmọ ọlọ fọ́ ọ, mo dáná sun ún. Mo padà wọlé pẹ̀lú èédú lọ́wọ́, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Màámi, ẹ sọ̀rọ̀. Mo ti sun ún." Ó la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Àbíkẹ́ pè mí lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa. Ojú rẹ̀ ti wú. Nóra jókòó tì í.

"Morẹ́nikẹ́, àwo tó wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn níbí ti yí padà. Wọ́n ń kọ̀wé sí Nóra pé ìyá àgbà kan ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn orin keje, pé ohùn rẹ̀ dùn. Nóra ní kí n túmọ̀ ohun tó ń sọ fún òun. Mi ò lè túmọ̀ ẹ̀."

Ó gbé ẹ̀rọ sún mọ́ fóònù. Mo gbọ́ Màámi. Ó ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́: "Ìyá mi kọ́ nìyí. Morẹ́nikẹ́, ìwọ lo wà nílé, pè mí. Pè mí kí n lè mọ ọ̀nà."

Màámi fúnra rẹ̀ wà lórí àga níwájú mi, ó di apá àga mú.

Mo ké pẹ̀lú gbogbo agbára mi: "Màámi!"

Ó ń wò mí. Ètè rẹ̀ kò mì.

"Oo," ló dáhùn láti inú fóònù, láti ọ̀nà jíjìn. "Ta ló ń pè mí?"